Ẹni Tó Ń Sọ Ibi Tí Mo Wà

Mi ò ní dárúkọ àdúgbò tí mò ń gbé báyìí. Kì í ṣe Ọgbà mọ́. Ìyẹn tó.

Ọgbà la ń gbé nígbà yẹn, èmi àti ọkọ mi. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan lọ́nà Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń to bisikíìtì sínú páálí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú fóònù wọlé. Lẹ́nu géètì la ó ti fà á lé bàbá aṣọ́nà lọ́wọ́, wọn á tì í bọ inú àpótí pákó tí wọ́n pín sí ihò ihò, wọn á fún wa ní irin pelebe tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí.

Ọkọ mi ló ra fóònù náà fún mi. Òun ló tò ó, òun ló ṣí ímeèlì fún mi, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Inú mi dùn. Mo fi í han gbogbo ènìyàn níbi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo yà wo bàtà lọ́jà Ọgbà lọ́jọ́ kan. Kí n tó délé, ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta lo lọ bá lọ́jà?"

"Bàtà ni mo lọ wò."

"Ogójì ìṣẹ́jú lo fi wo bàtà? Ẹsẹ̀ mélòó lo ní?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí mo bá lọ kí aláìsàn, ó mọ̀. Tí mo bá pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó mọ̀. Ó máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Mò ń rí ẹ." Ọjọ́ tó gbá mi létí nítorí pé mo gba ọ̀nà mìíràn bọ̀, mo jókòó, mo bi ara mi léèrè: ta ló ń rojọ́ mi fún un?

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹnu ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń gbà rìn. Bí ọkọ bá mọ ohun tí kò rí, ẹnìkan ló sọ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ ìrìn mi: obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń dúró nídìí iṣẹ́, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ó jù mí lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. A jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ, a jọ ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Òun àti ọkọ mi sì máa ń kí ara wọn. Mo parí èrò síbẹ̀. Òun ni.

Mi ò bi í. Mo ń tètè jáde nílé kí a má baà pàdé. Tó bá fún mi ní mọ́ínmọ́ín, mo ní mo ti jẹun.

Ó ní, "Àbúrò, kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà."

Nígbà tó tó bí ọdún kan, kò bi mí mọ́. Wákàtí mẹ́jọ la ó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, páálí nìkan la ó máa tì sí ara wa.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gé mi níka. Ọ̀gá wa ní kí ẹ̀gbọ́n mú mi lọ sílé ìwòsàn kan ní Opebi. Ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló gbé wa, géètì ẹ̀yìn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà la sì gbà jáde. Fóònù mi wà nínú ihò rẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀. Dókítà bi í pé ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ó ní, "Nígbà kan rí."

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wo báńdéèjì ọwọ́ mi. "Ibi iṣẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "O ṣe dáadáa lónìí, o fìdí mọ́ ibi iṣẹ́. O ò yọ́ lọ síbì kankan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yin ọmọdé.

Mo wọ ilé ìdáná, mo fara ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé mo lọ sí Opebi. Fóònù tó wà nínú àpótí ni kò mọ̀. Òun ló ń rojọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́.

"Subhanallahi! Dìde, ọ̀gá ń bọ̀."

Mo rò ó fún un. Ó ń to bisikíìtì lọ títí páálí mẹ́ta fi kún. "Èmi lo sọ di olófòófó? Èmi tí mi ò mọ ibi tí ọkọ tèmi gan-an wà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

Òun ló mọ ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin. A fi fóònù mi sílẹ̀ nínú àpótí lọ síbẹ̀. Obìnrin agbẹjọ́rò tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ má tíì yọ nǹkan kan nínú fóònù yẹn, mà. Tí ọkọ yín kò bá rí yín mọ́ lójijì, ó lè le ju báyìí lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ máa lọ. Ẹ má sì fi fóònù yẹn wá a." Ó ní kí a ya fọ́tò àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Nígbà tí a gba tèmi padà, fóònù ẹ̀gbọ́n la fi yà wọ́n.

Mo ń kó aṣọ mi jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ń bá mi tọ́jú wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo fún bàbá aṣọ́nà ní fóònù, mo gba nọ́ńbà, mo kí wọn. Mo gba géètì ẹ̀yìn jáde. Ẹ̀gbọ́n sìn mí débẹ̀.

Mo fẹ́ sọ àdúgbò náà fún un. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Má sọ ọ́. Ọkọ ẹ máa wá bi mí, mi ò sì mọ irọ́ pa. Jẹ́ kí n lè fi Kùránì búra."

Fóònù kékeré onítẹ̀, tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mò ń lò báyìí. Ẹ̀gbọ́n há nọ́ńbà mi sórí. A kì í sọ̀rọ̀. Ó ní tá a bá ń sọ̀rọ̀, màá sọ ibi tí mo wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń fláàṣì mi. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ mi kò wá. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wá béèrè mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo dì í mú lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó tún dún. Mo sì ń gbàdúrà kó má dún.