Báfù Tó Ń Gún Ọmọ Mi Létí

“Ìyàwó wa, má jẹ́ kí ọkọ rẹ yọ wáyà ẹ̀yìn báfù yẹn o.” Ìkìlọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, nítorí ọkọ mi fẹ́ kí ohùn báfù náà tún le sí i.

Àdúgbò Gbégamey ni ẹ̀gbọ́n ti ń kan báfù olójú kan, àpótí ohùn tí ojú kan náà ń gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ jáde. Kì í fi orin dán an wò. Á ní kí ará ilé sọ̀rọ̀ sínú fóònù, á gbà á sílẹ̀, á sì fi báfù gbọ́ ọ. Ó ní, “Ohùn ẹni tí mo mọ̀ kò lè tàn mí.”

Nígbà tí tiwa dé tí a tan án, ọmọ mi ń fi ọwọ́ di etí. Mo rò pé etí ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n wá sílé wa, ó gbé ohùn mi tó ti gbà sílẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín.

“Ṣé báyìí lo ṣe ń pariwo mọ́ àbúrò mi?”

Ó ká wáyà bàbà, ó so rẹ̀sísítọ̀ kékeré kan tó ń dín iná kù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi wọ́n sẹ́yìn báfù, lójú ọ̀nà iná tó ń wọ̀ ọ́. “Mi ò fi nǹkan kan kún un,” ó ní. “Ohùn òkè tó pọ̀ jù ni mo dín kù.”

Ọmọ mi gbé ọwọ́ kúrò létí. “Màmá ni yìí.”

Mo ti gbé súkúrúdíráfà ọkọ mi pamọ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó yọ ohunkóhun lẹ́yìn báfù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ọmọ tó ń gbọ́ ọ.