Àwòrán Ilé Ìsẹ́yìn

"Ta ló kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà, Ìyá Sàdíátù?"

Dókítà Ajíbóyè ló bi Kàfáyàtù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́ ní kílíníìkì rẹ̀ ní àdúgbò Auburn Gresham lókè òkun, lọ́dún 1983.

"Ìwé ìlò rẹ̀ ni, sà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Kàfáyàtù kò rẹ́rìn-ín.

Kì í kánjú, àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan tí àsìkò ìrun fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fáìlì àtijọ́ ló fẹ́ pa rẹ́. Orúkọ gbogbo aláìsàn àti oògùn wọn ló pa rẹ́. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Dókítà ní, "Ó parí nìyẹn."

"Kò tíì parí, sà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án."

Ó ti kà á pé ẹ̀rọ náà kì í nu ọ̀rọ̀ inú fáìlì kúrò lójú ẹsẹ̀. Ara orúkọ fáìlì nìkan ló ń fàmì sí pé ó ti parẹ́. Ó mú dísìkì kan tó gbà nínú ẹgbẹ́ àwọn oní-kọ̀ǹpútà jáde. Ọkùnrin kan ní ìlú Schaumburg ló kọ porogíráàmù inú rẹ̀, èyí tó ń dá fáìlì padà. Kàfáyàtù ki dísìkì náà bọ ẹ̀rọ, ó rọra tẹ àṣẹ rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Láti orí Adéògún, aláìsàn tó ṣáájú, àwọn orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà títí wọ́n fi pé.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Mi ò tún ní fi yín rẹ́rìn-ín mọ́, mà."

Ọkùnrin tó kọ porogíráàmù náà kò gba owó. Ohun tó kọ sínú dísìkì náà ni pé ẹni tí iṣẹ́ òun bá yọ nínú ewu, kó fi àwòrán ibi tí wọ́n bí i ránṣẹ́ sí òun. Kàfáyàtù kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Lóṣù kẹta, àwòrán ilé bàbá wọn dé, ewúrẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kàfáyàtù kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà pé gbogbo orúkọ pé, ó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó sì fúnra rẹ̀ gbé gbèsè náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.