Orí Ẹja Àrọ̀

Lánàá, òórùn ẹrẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì rántí odò ẹ̀yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀. Bí ó bá ti kún báyìí, àwọn àrọ̀ á máa wọ́ gòkè odò lọ yé ẹyin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìyá Sikírù, aládùúgbò wa, se ọ̀kan, ó bù ú fún mi. Ìgbà tí mo lá ọwọ́ tán ni mo rántí pé àwa ọmọ Òṣogbo kì í jẹ ẹja Ọ̀ṣun.

Mo gbé abọ́, mo sunkún lọ bá ìyá àgbà mi.

"Mo ti jẹ èèwọ̀ o! Ṣé màá kú ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀ṣun wo ló ṣàn dé Ìsọlọ̀? Gbé orí tó kù wá jàre."

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fa egungun rẹ̀ mu. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé, títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, wọn ò fi ẹja odò kankan kan ẹnu rí.