Orúnkún Àgbọ̀nrín

Nínú gbogbo panápaná àgọ́ kan, kò sẹ́ni tó lè bá ọkùnrin kan báyìí sáré. Àgbọ̀nrín ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọ̀gá wá kéde pé ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdánwò eré sísá ni yóò di olórí ikọ̀, ọkùnrin yìí kó sínú eré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti sọ jíjìn ibi tó ń sá dé di ìlọ́po méjì, ó tún fi òkè gígùn lé e.

Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kọ̀. Bó bá jókòó pẹ́ tó fẹ́ dìde, tàbí bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nǹkan á máa gún un lẹ́yìn eegun róbótó iwájú orúnkún. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Olówó orí mi, ẹ ń tiro."

"Èmi kẹ̀? Bàtà ló fún mi lẹ́sẹ̀."

"Bàtà wo? Ẹsẹ̀ lásán lẹ wà."

Ó fi ẹ̀rín bò ó, ó wọ balùwẹ̀, ó da oògùn ara ríro sẹ́nu. Kí ọ̀gá má ṣáà gbọ́.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni aago ìdágìrì dún. Ilé alájà mẹ́rin ń jó. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀, ọkùnrin gàgàrà kan tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pè ní Kúkúrú, ni wọ́n gòkè. Wọ́n bá ìyá arúgbó kan nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Àgbọ̀nrín gbé e kọ́ èjìká, Kúkúrú sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà ni orúnkún náà ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó dojú ìyá dé.

"Kí ló dé? Máa lọ!" Kúkúrú pariwo.

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi!"

Èéfín ti ń dúdú sí i. Àgbọ̀nrín jókòó, ó gbé ìyá lé itan, ó ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, Kúkúrú di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú gírígírí lẹ́yìn.

Ìyá wúkọ́. "Ọmọ mi, ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ dì mọ́ mi, Màmá."

Nígbà tí wọ́n dé ìta, Kúkúrú ò pariwo mọ́, ìyẹn gan-an ló sì bani lẹ́rù.

"O mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, o sì jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ wọnú iná? Ìyá yẹn fúyẹ́. Ká ní èmi lo gbé ńkọ́? Lọ sọ fún ọ̀gá, kí n tó bá ọ sọ ọ́."

Ó lọ. Ọ̀gá yọ ọ́ kúrò nínú ìdánwò, ó gbé e sídìí tẹlifóònù, ó sì ní kó lọ sọ́sibítù.

Níbẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní kó fi ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí níwájú dígí. Orúnkún náà ń wọ́ sínú.

"Kò fọ́," obìnrin náà wí. "Ẹ di ẹrù lé e lójijì ni, iṣan ìdí àti itan tó yẹ kó bá a gbé e ò sì lágbára. Oògùn tí ẹ ń gbé mì yẹn, ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá."

"Ṣé mi ò ní sáré mọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ dín in kù, ẹ má máa na ẹsẹ̀ jìnnà bí ẹ bá ń sáré. Bó bá dùn díẹ̀ tó sì lọ kílẹ̀ tó mọ́, kò burú. Bó bá ń le sí i, ẹ dúró. Bó bá wú tàbí tó há, ẹ tètè wá."

Àgbọ̀nrín kọ́ bí a ṣe ń dìde lórí àga láìyára, tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Kúkúrú ló borí nínú ìdánwò náà, ó sì di olórí ikọ̀. Àgbọ̀nrín kí i kú oríire, ṣùgbọ́n kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí wọ́n tó dá a padà sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí aago tún dún, Kúkúrú dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, akoto Àgbọ̀nrín lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ń fà mí díẹ̀ láàárọ̀. Ó ti lọ. Bó bá padà, wàá gbọ́ lẹ́nu mi."

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń bú ramúramù. Kúkúrú na akoto náà sí i.