"Feel at Home" Tí Wọ́n Sọ fún Mi ní GRA

Òórùn káńfọ̀ ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé yẹn. Màmá mi kì í yọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi nínú àpótí àfi lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí náà nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ fún mi ní Sátidé, àyà mi já. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò wa pé Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn tó ń gbé GRA ní Àpápá, fẹ́ gbà mí sọ́dọ̀ kí n lè lọ sílé-ìwé gidi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mi ò fẹ́ ilé-ìwé gidi kankan tí màmá mi ò ní sí nítòsí.

A fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀, a gba Warehouse Road, eruku tírélà ń bà lé aṣọ mi, wọ́n ń fi etí ìró wọn nù ún. Wọ́n ń kọ́ mi bá a ṣe ń lọ: n ò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oúnjẹ, tí wọ́n bá sì fún mi, kí n kọ́kọ́ wo ojú àwọn. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni wọ́n ń wí.

Òtútù kọlù mí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ Àǹtí. "Feel at home, my dear," ni wọ́n sọ fún mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kọ́ wa ní gbólóhùn yẹn nílé-ìwé, pé kí àlejò fara balẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀ ni. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa; ara mi ni kò gbà á. Màmá mi pàápàá, etí àga ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tá a jẹ ìrẹsì tán, àwọn ọmọ Àǹtí fi àwo sílẹ̀, wọ́n gba òkè lọ. Èmi kó gbogbo rẹ̀, tiwọn pẹ̀lú, mo lọ fọ̀ ọ́, torí lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá jókòó ti àwo tó dọ̀tí, àbùkù ìyá rẹ̀ ni.

Àǹtí wá wò mí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. "Màmá Bísí, ọmọ ẹ mọṣẹ́ o. Ó máa wúlò fún mi gan-an. Màá kúkú ní kí housegirl yẹn máa lọ."

Màmá mi dìde. "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa lọ, kí n lọ sọ fáwọn ẹbí bàbá ẹ̀ ná."

Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, kò sí ẹbí wọn kankan tó yọjú sí wa rí.

Màmá mi di ọwọ́ mi mú gírígírí títí a fi délé. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni. Ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀rù tó kúrò lára mi, ṣùgbọ́n a ò padà lọ mọ́.

Èmi náà ti wá ní pálọ̀ tó tutù báyìí. Ọmọ àbúrò mi, Tómi, wà lọ́dọ̀ mi láti bí oṣù mẹ́ta, ilé-ìwé ló tìtorí ẹ̀ wá. Lọ́jọ́ tó dé, ẹnu èmi náà ló ti jáde: "Feel at home." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ma." Kí n tó jí ló ti máa ń gbálẹ̀ tán, gbogbo àlejò mi ló sì ń yìn ín. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré, màmá mi ti mọ̀ pé àwọn máa mú mi lọ sílé. Èmi ti ń wo ọmọ yìí láti ìgbà tó ti dé, mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín, mi ò sì tíì pe ìyá rẹ̀.