'Ìwọ' Tí Mo Pe Bàbá Mi ní Èdè Rọ́ṣíà

Wọ́n ní mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Rọ́ṣíà nítorí pé mo sọ ọ́ bí àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́.

Màá to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí ní Òkìtìpupa, mi ò sì fẹ́ràn kí ènìyàn máa da nǹkan pọ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ìbínú tó gbé mi lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ adùn rẹ̀, torí adùn inú rẹ̀ pọ̀ ju ìkorò lọ.

Ìjọba ló rán bàbá mi lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Rọ́ṣíà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó padà wá sílé ní Ìjù-Odò pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni lágbègbè wa, àti pọ́ńpù omi kan tí wọ́n kọ HACOC sí lára gàdàgbà. Àwa ọmọ kà á bí a ṣe rí i: Hákókì. "Ẹ lọ tan Hákókì o, omi ti tán!" ni ìyá wa máa ń ké. Ọ̀rọ̀ náà ràn ká àdúgbò débi pé tí aládùúgbò wa kan ra pọ́ńpù tuntun, tí ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, yóò ní òun ti ra hákókì. Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá wa wí, kò tún un ṣe.

Èdè Rọ́ṣíà tí mo bá dàgbà kò pọ̀ rárá. "Davai!" ni, tí a bá ń fi iṣẹ́ falẹ̀. "Spasibo" ni, tí a bá gbé omi fún un. "Khorosho" ni, tí ọbẹ̀ bá dùn. Àwọn tó kù, ìyẹn àwọn tó máa ń sọ tí òòlù bá pa á níka, kò túmọ̀ wọn fún wa rí. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wá, ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bàbá fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kíkankíkan. Ìyá kan tó jókòó sẹ́yìn ké "Halelúyà!" Wòlíì dìde, ó túmọ̀ rẹ̀ pé òjò ìbùkún ń bọ̀. Bàbá kàn di ẹsẹ̀ mú, ó ní "Àmín."

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kan tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí mo bá ti gun ọ̀kadà láti ibi iṣẹ́ dé ilé Bàbá, níbi tí mò ń gbé. Létí fèrèsé ni mo máa ń dúró sí kí nẹ́tíwọ́kì má baà já. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n kọ́ wa ní lẹ́tà. P kì í ṣe P, R ni. H kì í ṣe H, N ni. C, S ni.

Mo dúró sojú kan. N. A. S. O. S.

Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Bàbá, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ mi méjèèjì. "Bàbá! Nasos ni! Kì í ṣe Hákókì! Nasos!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Pọ́ńpù náà ló túmọ̀ sí," ó ní. "Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń retí ẹni tó máa kà á nínú yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Hákókì ń dùn létí mi."

Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti ń wú. Ohun gbogbo ni mo fẹ́ fi èdè náà sọ. Tí mo bá ń lọ sí Àyẹ̀ká, màá máa ro ó lórí ọ̀kadà: ọ̀rọ̀ kan wà fún kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn lọ, òmíràn wà fún kí nǹkan gbé e lọ, wọn kì í sì í da méjèèjì pọ̀. Ìró 'kh' tó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láti òkè, bí a ṣe ń pe ilẹ̀ Yorùbá tó kù, ní wàhálà, tí wọ́n ń wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun, ìṣòro kọ́ ló jẹ́ fún mi. Ṣebí àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọwọ́ ní 'ọghọ́'? Láti ibi 'gh' yẹn dé ibi 'kh', kò jìnnà.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé 'ó' ni mò ń pe bàbá mi, mo sì sọ fún un lójú pé "o ò sọ fún wa". Ẹ má pè é ní àìkọ́lẹ́kọ̀ọ́. Nínú Ìkálẹ̀ tí à ń sọ nílé, a kì í sọ ẹnì kan di púpọ̀ kí a tó bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ wa wà nínú ìkúnlẹ̀ àti nínú ohùn. Ilé-ìwé la ti kọ́ 'ẹ̀yin' àti 'wọ́n' fún àgbà. Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo kà á pé Rọ́ṣíà náà ní méjì: 'vy', tó dà bí 'ẹ̀yin', fún ọ̀gá, fún ọlọ́pàá, fún àgbà tí ènìyàn kò mọ̀ rí, àti 'ty', tó jẹ́ 'ìwọ', fún ọ̀rẹ́, fún ìyá, fún bàbá, àní fún Ọlọ́run.

"Bíi tiwa!" mo pariwo.

"Ìkálẹ̀ ni wọ́n," Bàbá dáhùn. "Òtútù ibẹ̀ ló kàn pọ̀ jù."

Ìdánwò àfẹnusọ ló máa gbé wa dé ìpele kejì, níbi tí a ó ti máa bá àwọn ọmọ Rọ́ṣíà gan-an sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń lé kiri nìyẹn. Olùdánwò jẹ́ àgbàlagbà kan láti òkè, tí wọ́n ka èdè Rọ́ṣíà ní yunifásítì. ('Wọ́n' ni mò ń pè wọ́n o. Mo mọ ẹni tí 'wọ́n' tọ́ sí.) Wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni pé bàbá mi wà níwájú mi, kí n bi í bóyá yóò jẹun.

"Papa, ty budesh yest?"

"Ẹ tún un sọ."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ni. Mo tún un sọ, mo lọgun rẹ̀.

"Ṣé bàbá yín nìyẹn àbí ọmọ yín?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ ṣeun."

Èsì dé lórí wọ́sáàpù: mi ò yege. Ìdí: àìbọ̀wọ̀ fún òbí. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Mo pè wọ́n.

"Sà, ṣé Rọ́ṣíà lẹ dán mi wò àbí Yorùbá?"

"Yorùbá ni wá ká tó gbọ́ Rọ́ṣíà. Ènìyàn kì í pe bàbá rẹ̀ ní 'ìwọ'."

"Tí ẹ bá ń gbàdúrà, sà, ṣé 'ẹ̀yin' lẹ ń pe Ọlọ́run?"

"Ẹ̀yin Ìkálẹ̀! A mọ̀ yín. Ẹ kì í mọ àgbà."

Ìkejì nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù. Mo gbé e lọ bá alábòójútó kíláàsì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń pè mí ní àǹtí.

"Àǹtí, àgbà ni wọ́n. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ṣáà bẹ̀ wọ́n, àǹtí. Ó máa parí."

Ìkẹta nìyẹn. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùdánwò, Rọ́ṣíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 'Vy' ló fi bá wọn sọ̀rọ̀ jálẹ̀, nítorí kò mọ̀ wọ́n rí. Ó ṣàlàyé pé ní gbogbo ọdún tí òun fi gbé níbẹ̀, òun kò gbọ́ ọmọ kan tó pe bàbá rẹ̀ ní 'vy', àfi èyí tó ń bá a jà. Àmì méjì abẹ́ ọ̀rọ̀ náà di búlúù. Wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọn kò fèsì.

Kíláàsì ìpele kejì ti bẹ̀rẹ̀ láìsí mi, àyè mi níbẹ̀ kò sì ní pẹ́ di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ni kíláàsì yìí, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni mo ní. Ìwé wo lẹ fi ń kọ́ wa tó sọ pé ọmọ Rọ́ṣíà òde òní ń pe bàbá rẹ̀ ní 'vy'? Ta ló fún olùdánwò yín láṣẹ láti fi ìlú tí mo ti wá gba máàkì lọ́wọ́ mi? Ọjọ́ wo lẹ máa tún ìdánwò náà ṣe, ta sì ni yóò gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?