Bí A Ṣe Wá Ẹnu Tó Tó Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́

Mo ń wẹ ọmọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun náà dé sí ibùdókọ̀ rélùwéè Ìlọrin. Igbe àwọn ọkùnrin tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ bo igbe ọmọ mọ́lẹ̀. Ojú irin kò tíì pẹ́ nílùú nígbà náà. Ìhà ìsàlẹ̀ lèmi àti ọkọ mi ti wá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin ni mo ti jáde lÉkòó, òun sì ni olórí àwọn tó ń fi iyanrìn fọ irin afárá.

Ẹ má rò pé ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn ni o. Ẹ̀rọ á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ á gba inú rọ́bà lọ, á kọjá lábẹ́ àgbá tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, á gbé iyanrìn dání, á sì tú u jáde lẹ́nu irin kan tí òṣìṣẹ́ gbá mú. Iyanrìn yẹn á ha ìpẹtà kúrò lára irin bí ẹni ń bó èèpo iṣu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kùn ún lọ́dà.

Ẹ̀rọ àtijọ́ kéré, ṣe ló máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Tuntun yìí, odindi yàrá kan ni. Ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, jáde wá wò ó. Ó di ìbòrí rẹ̀ mú.

“Súbúhánà-Lọ́láì! Ṣé iná jàhánnámà ni wọ́n fẹ́ fi èyí fẹ́ ni?”

Ọ̀gá òyìnbó tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà sọ fún ọkọ mi pé kí ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kó ti fi ẹ̀rọ ńlá náà fọ afárá kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ mọ́ tónítóní. Bí kò bá lè ṣe é, òun á fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ọkọ mi á sì lọ bá àwọn tó ń tẹ́ ojú irin lókè lọ́hùn-ún, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn mú aya dání. Ẹ̀rín ni ọkọ mi fi sọ ọ́ fún mi, àmọ́ kò jẹun. Èmi ọlọ́mọ ọwọ́, nílùú tí n kò ti ní ìbátan kankan!

Mo ní, “Ẹ lọ bá ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní fi mí sílẹ̀ níbí.”

Gbogbo ohun èlò tó wà nílẹ̀, ti ẹ̀rọ kékeré ni: àgbá kékeré, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu irin tí ihò rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọkọ mi kàn so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ ńlá ni. Ó ní kò sí afẹ́fẹ́ tó ju afẹ́fẹ́ lọ.

Èmi àti ìyá àgbà dúró lẹ́yìn ọgbà, à ń wòran. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, kò rọ́nà jáde, fèrè ìkìlọ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì ń sọ fííí, fííí, títí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò fi tú ká. Rọ́bà wú bí ọ̀fun ẹni tó gbé iṣu mì láìrún un. Òṣìṣẹ́ tó dì í mú ju ú sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ni rọ́bà bá dìde fúnra rẹ̀. Ó jó lọ sọ́tùn-ún, ó jó wá sósì, ó ń tu iyanrìn sí ojú ẹni gbogbo. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá òyìnbó náà dọ̀bálẹ̀. N kò tíì rí òyìnbó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Kí ẹnì kan tó ráyè pa ẹ̀rọ, rọ́bà ti ha gbogbo ọ̀dà kúrò lára pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. Igi lásán ló kù. Nígbà tí ọkọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yẹn dé lọ́jọ́ kejì, àwọn èrò ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè ibi tí àwọn wà. Àwọn tó ń kiri ẹ̀pà ní, “Ìlọrin ni o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀, àwọn onírélùwéè ló pa á rẹ́!”

Ìyá àgbà ní, “Ìyàwó, ọkọ ẹ mọṣẹ́ o. Ó ti fọ ìlú kó tó kan irin.”

Ọkọ mi ronú, ó ní ẹnu irin ló kéré. Ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan lẹ́bàá Ọjà-Ọba, ìyẹn sì rọ ẹnu tuntun tí ihò rẹ̀ gba àtàǹpàkò dáadáa. Wọ́n fi í sí i. Ẹ̀rọ kò ké mọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ihò tí iyanrìn ń gbà bọ́ lábẹ́ àgbá ṣì wà bó ṣe wà. Iyanrìn wá ń kán tó, tó, bí itọ́ ọmọ tó ń yọ eyín. Afẹ́fẹ́ tútù nìkan ló ń bọ̀, kò lágbára tó lè ṣí ìpẹtà nídìí.

Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kó tó pẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ti tò síwájú rọ́bà, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń fẹ́ abíyá.

“Sún sẹ́yìn jàre, ìwọ ti fẹ́ tìẹ!”

“Abíyá òsì ò tíì gbẹ, ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù!”

Ibẹ̀ ni ọ̀gá òyìnbó bá wọn. Kí n má purọ́, ọkọ mi ló wà níwájú. Ọ̀gá náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú irin tó gba òkè lọ, ó wo ọkọ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbá sàn kó bú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó síta, ọkọ mi ń fi igi kékeré ya ilẹ̀, mo ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmú mi lákòókò yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe ọmú mọ́, odò Àsà lójò ni. Ọmọ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó pá a lórí, ó wúkọ́, ó yọ ẹnu. Wàrà bá ta ṣàà, ó bá ọkọ mi lójú.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹnu ọkọ mi kékeré yìí ló kéré sí èyí tó ń bọ̀. Fún èyí tó kọ́kọ́ ń sáré dànù. Jẹ́ kó dàgbà díẹ̀, á tún máa bínú pé kò tó.”

Mo ní, “Ìyá, àná ńkọ́, tó fà á tì tó ń ké?”

“Àná o fi ọ̀já fún àyà bí ẹni fẹ́ jàkadì. Kí ọmú kún, kí ẹnu là, bí nǹkan bá ti fún un láàárín, ebi náà ni.”

Mo yíjú sí ọkọ mi tó ń nu ojú. “Ẹ wo ọmú yìí.”

Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́.

“Kì í ṣe irú wíwò yẹn ni mo ní kẹ́ ẹ wò ó!”

Ìyá àgbà ní, “Mo ń lọ kírun o,” ó sì yára wọlé.

Mo ní, “Ẹ̀rọ yín ti kún. Ẹ ti la ẹnu fún un. Àárín ńkọ́? Rọ́bà ńkọ́? Ìdí àgbá ńkọ́? Ọ̀já ṣì wà láyà rẹ̀!”

Ọkọ mi dìde, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Ó gba rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n fi ń bu omi sínú ọkọ̀, ó fi wáyà wé e yíká kó má bàa bẹ́. Ó fẹ ihò ìdí àgbá. Ó wá ku iyanrìn. Ẹ̀rọ kékeré máa ń tọ́ iyanrìn wò ni, èyí ń jẹ ẹ́ bí aboyún ṣe ń jẹun, etí odò la sì ti ń kó o wá ní tútù. Bó bá tutù, á dì sí ìdí àgbá ni. Mo gbé agbada tí mo fi ń yan ẹ̀pà jáde, mo fi ajọ̀ jọ iyanrìn, mo dáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan án.

“Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó onírélùwéè ń yan iyanrìn!”

“Ó ti jiná?”

“Bá wa bu iyọ̀ sí i!”

Mo dá wọn lóhùn pé kí ẹni tí ebi bá ń pa gbé àwo wá. Ìyá àgbà gbé agbada tirẹ̀ wá, ó ní kí n má sọ fún àwọn orogún òun.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì máa dé pé. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò ké, kò sùn, ó kàn ń kùn bí ẹni tó yó. Iyanrìn jáde. Irin afárá tó ti pọ́n bí epo ń funfun bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọ. Ọkọ mi ń pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, iyanrìn sì ń wọ̀ mí lẹ́nu.

Ọ̀gá òyìnbó bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ yìí dára jù fún Ìlọrin nìkan. Ó ní kí ọkọ mi gbé ẹ̀rọ náà gun ọkọ̀, kó máa fọ gbogbo afárá tó wà lọ́nà òkè, bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́bà.

Ẹ gbọ́ mi? Bó bá bà á jẹ́, á lọ sókè. Ó tún un ṣe, ó tún ń lọ sókè!

Mo pọn ọmọ, mo gbé agbada karí, mo lọ bá ọ̀gá náà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́, mo kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé ta ni yóò máa yan iyanrìn ní Jẹ́bà. Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wo ilẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọ̀gá, tí kò bá jiná, ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ́.”

Ọ̀gá náà nu iwájú orí. Ó béèrè bóyá ọmọ náà máa ń ké púpọ̀.

Mo ní, “Kò tó ẹ̀rọ yín.”

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, àárín ẹ̀rọ àti àwọn àpò iyanrìn ni mo jókòó sí. Ìyá àgbà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ń ṣàdúà, ó sì ń bú ọkọ mi pọ̀ mọ́ ọn: “Ọlọ́hun á ṣọ́ yín! Ìwọ, má jẹ́ kó gbé agbada gbígbóná o, aláìlójútì!” Ọkọ mi ń juwọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ kejì bo ọmọ létí, ọmọ sì ń sùn ní tirẹ̀.